Ológbò Ìta Fara Pa, Ìwọ Lo sì Rí I: Bí O Ṣe Máa Gbé E Dé Ọ̀dọ̀ Dókítà Ẹranko

Ológbò tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe èyí tó ń sùn lórí àga ní pálọ̀. Ológbò ìta ni: èyí tí ìyá oníṣọ́ọ̀bù so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì nítorí eku, èyí tó ń ṣa egungun ẹja lẹ́yìn bùkà, èyí tí gbogbo kọ́mpáàǹdì ń pè ní Músù àmọ́ tí kò sẹ́ni tó máa gbà pé òun ló ni ín. Bí irú rẹ̀ bá fara pa, ọmọdé ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí i, torí ọmọdé là ń rán níṣẹ́, òun ló sì ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá.

Mo ti wà nípò yẹn rí. Ọmọ ọdún 15 ni mí, mo wà ní SS2, nígbà tí ọ̀kadà gbá ológbò kan lẹ́yìn ilé wa n'Íbàdàn. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ló kán. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo fọ́ ààbọ̀ paracetamol sínú omi, mo dà á sí i lẹ́nu kí ìrora lè dín kù. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ojú rẹ̀ ti wú, èrìgì rẹ̀ ti dúdú bíi ti ẹni tó mu kọfí, kò sì rí ìrọ̀lẹ́. Ó tó ọdún mélòó kan kí n tó sọ ọ́ fún dókítà ẹranko kan. Ó ní ẹsẹ̀ kan tó kán kì í pa ológbò láàárín ọjọ́ kan. Oògùn mi ló pa á.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wo ológbò níbí. Iṣẹ́ méjì péré ló wà lọ́rùn rẹ: má dá kún ohun tó ṣe é, kí o sì rí àgbàlagbà kan tó máa bá ọ gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n wò. Ìkejì le ju ìkíní lọ, mo sì máa pẹ́ níbẹ̀.

1. Wò ó kí o tó fọwọ́ kàn án

Bó bá wà lójú títì, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló ṣáájú. Pe àgbàlagbà kó bá ọ dá ọkọ̀ dúró, má sáré já sójú ọ̀nà. Bó bá wà lẹ́bàá gọ́tà tàbí lábẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n páàkì, lóṣòó síbi tó jìnnà díẹ̀, kí o wò ó fún bí ìṣẹ́jú 5.

Ka èémí rẹ̀. Bí ìhà rẹ̀ bá wú tó sì fà padà, ẹyọ kan nìyẹn. Ológbò tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ máa ń mí bí ìgbà 20 sí 30 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá kọjá 40, tàbí tó yanu tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọ̀rọ̀ ti le. Ajá ló máa ń yanu mí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìwà ológbò. Bó bá lanu ké, yọjú wo èrìgì rẹ̀. Bó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi tìrẹ, ó dáa. Bó bá funfun, ẹ̀jẹ̀ ń lọ lára rẹ̀, ó sì lè jẹ́ inú ikùn ló ń dà sí, níbi tí ojú rẹ kò tó. Bó bá ní àwọ̀ aró, afẹ́fẹ́ kò tó o.

Èémí tó le àti èrìgì tó funfun kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì tó ń wọ́ nílẹ̀, gìrì, ẹ̀jẹ̀ nímú lẹ́yìn tó já láti orí òrùlé, àti akọ tó ń lóṣòó léraléra bí ẹni fẹ́ tọ̀ tí nǹkan kan kò jáde. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ìgbẹ́ ló há mọ́ ọn nídìí. Ọ̀nà ìtọ̀ ló dí, ó sì lè pa á láàárín ọjọ́ méjì.

Èyí tó ń tiro àmọ́ tó ń dìde, tó ń jẹun, lè dúró di àárọ̀. Ojú ìjà kì í ṣe ohun tí o máa fojú di: ibi tí eyín wọ̀ lè kéré bí ojú abẹ́rẹ́, àmọ́ láàárín ọjọ́ 2 sí 5 ó ti di eéwo ńlá. Kí ó má sì tàn ọ́ pé ó ń kùn hùn-ùn hùn-ùn. Ológbò máa ń kùn nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn, ó sì máa ń kùn nígbà tí ara bá ń ro ó.

2. Ọwọ́ tìrẹ

Ológbò tó ń jẹ̀rora lè bu ẹni tó ti ń fún un lóúnjẹ láti ọdún mẹ́ta jẹ. Eyín rẹ̀ tín-ín-rín, ó gùn, ó máa ń gbé ìdọ̀tí wọ inú ẹran ara, awọ á sì pa dé lórí rẹ̀. Ẹ̀rù tó tún ju ìyẹn lọ ni dìgbòlugi. Ajá la mọ̀ mọ́ ọn, àmọ́ ológbò náà ń ní in, kò sì sí oògùn rẹ̀ mọ́ tí àmì bá ti yọ lára èèyàn.

Bó bá bù ọ́ jẹ tàbí tó ya ọ́ léèékánná tí ẹ̀jẹ̀ jáde, ṣí ẹ̀rọ omi tàbí kí ẹnì kan máa bu omi sí i láti inú kẹ́tù, kí o fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú 15. Má fi ata sí i, má fi epo sí i, má dì í pa. Ọjọ́ náà gan-an ni kí o lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n lè fún ọ ní abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ kìíní, kí wọ́n sì ní kí o padà wá lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta sí i láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Mo mọ̀ pé Mọ́mì á pariwo. Sọ fún wọn síbẹ̀síbẹ̀.

Bí ológbò náà bá ń ṣe ségesège, tó ń lé èèyàn, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ tí kò lè gbé nǹkan mì, má sún mọ́ ọn rárá. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọmọdé ti parí.

3. Bí o ṣe máa gbé e

Wá páálí kan tó le, irú tí wọ́n fi ń kó noodles tàbí bisikíìtì. Dá ihò sí i lára kí ológbò tó wọ inú rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ń fi ọ̀bẹ gún páálí tí ológbò ti wà nínú ẹ̀! Tẹ́ aṣọ sí i nísàlẹ̀. Má lo àpò ìrẹsì tàbí Ghana-must-go bí àwọn àgbàlagbà wa ṣe máa ń ṣe. Nínú àpò, egungun tó kán á máa yí kiri, ooru á mú un, kò sì sẹ́ni tó máa rí i tí kò bá mí mọ́.

Rọra lọ láti ẹ̀yìn rẹ̀, má wò ó lójú. Ju tówẹ̀lì tàbí àǹkárá àtijọ́ bò ó látorí dé ìrù, kí o ká aṣọ náà mọ́ ọn lára láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí o wá gbé gbogbo rẹ̀ pọ̀ sókè: ọwọ́ kan lábẹ́ àyà, èkejì lábẹ́ ìdí. Bí òkùnkùn bá bo ojú rẹ̀, ìjà rẹ̀ máa ń rọlẹ̀. Má fa ẹsẹ̀, má fa ìrù. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì kò bá ṣiṣẹ́, má ká a rárá. Ti pákó pẹlẹbẹ tàbí tíréè ńlá sábẹ́ rẹ̀, kí o fà á gorí rẹ̀ bó ṣe wà.

Bó bá ń sá, má lé e, torí ológbò tí wọ́n lé máa wọ ihò tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i mọ́. Fi ẹja gbígbẹ tàbí sàdíìnì sínú páálí tí o fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí o sì kúrò níbẹ̀. Ohun tó tún ṣiṣẹ́ fún mi ju páálí lọ ni agọ̀ adìyẹ. Da agọ̀ bò ó, ó ń mí, ò ń rí i, kò lè lọ síbì kankan, ìwọ náà sì ráyè lọ wá àgbàlagbà.

4. Ohun tí kò gbọdọ̀ kan ẹnu tàbí ojú egbò rẹ̀

Paracetamol, ẹyọ kan kò gbọdọ̀ kàn án lẹ́nu, ì báà ṣe ti ọmọ ìkókó. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní ohun tí ẹ̀dọ̀ èèyàn fi ń tú oògùn yẹn palẹ̀. Ó máa ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ débi pé kò lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́. Ibuprofen àti aspirin náà léwu fún un. Béèyàn bá ti fún un kí o tó dé, má fi pa mọ́: sọ fún dókítà iye tí wọ́n fún un àti aago tí wọ́n fún un.

Dettol àti Izal ńkọ́? A fi ń fọ ilé, a fi ń wẹ̀, a rò pé ó máa wẹ egbò mọ́. Ológbò máa ń lá ara rẹ̀, ohun tí o bá fi sí i lára, inú ni yóò gbé e lọ, irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ májèlé fún un. Kẹrosíìnì, ẹ́ńjìnì ọ́ìlì àti spirit náà kò dára, kódà tí ìdin bá wà nínú egbò náà. Fi ìdin sílẹ̀ fún dókítà.

Bí egbò bá dọ̀tí, se omi àpò pure water kan, jẹ́ kó tutù, kí o fi síbí tíì kan iyọ̀ sí i, kó má kún jù. Rọra dà á sórí egbò náà kí ìdọ̀tí lè ṣàn lọ. Bó bá ń ṣẹ̀jẹ̀, fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Má máa ṣí i wò ní gbogbo ìgbà. Bí aṣọ náà bá rin, gbé òmíràn lé e lórí. Má fi rọ́bà so ẹsẹ̀ rẹ̀. Má fi igi di egungun tó kán, torí ìrora tí ìyẹn máa dá sílẹ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Bí okùn tí wọ́n fi so ó bá ti jẹ wọ inú ọrùn, gé èyí tó ń wọ́ nílẹ̀, má fa ìyókù.

Bí ó bá jẹ́ májèlé lo fura sí, pàápàá òtápíapíà tàbí eku tó ti jẹ májèlé, wàá rí i tí itọ́ ń dà, tí ara ń gbọ̀n. Gbogbo àdúgbò á ní kí o da epo pupa sí i lẹ́nu. Má ṣe é. Ẹranko tí ara ń gbọ̀n kì í lè gbé nǹkan mì dáadáa, epo náà á gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ìṣòro kan á di méjì. Mú ìgò tàbí páálí májèlé náà dání lọ bá dókítà, torí òun ló máa mọ èyí tó ní oògùn tirẹ̀. Mílíìkì àti àgbo náà, pa wọ́n tì. Bó bá lè gbé orí sókè, gbé omi díẹ̀ sí iwájú rẹ̀. Bí kò bá mu ún, fi í sílẹ̀.

5. Àgbàlagbà

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló mọ gbogbo èyí tí mo ti kọ, àmọ́ ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń wó. O kò lówó, o kò lè buwọ́ lùwé, awakọ̀ kò sì ní dá ọ lóhùn. Dókítà náà kò ní ṣe iṣẹ́ abẹ lórí ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún 14. O nílò ẹnì kan.

Kọ́kọ́ wá olówó rẹ̀. Ẹni tó ń fún un lóúnjẹ ni kí o bá. Kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀, má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bi: "Ẹ kú ọjà, mà. Ológbò tó ń pa eku níbí fara pa, ó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń lọ ata. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè gbé e lọ?" Bí wọ́n bá ní ti àwọn kọ́, o ti gba àṣẹ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, òbí rẹ. Àṣìṣe tí a máa ń ṣe ni pé à ń sunkún wọlé, a sì ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tó tóbi jù. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká gbà á sílé" ni wọ́n máa gbọ́, bí o kò tilẹ̀ sọ ọ́. Béèrè ohun kékeré tó ní òpin: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ológbò kan wà lẹ́yìn ilé tí ọ̀kadà gbá. Mi ò fọwọ́ kàn án, mo da agọ̀ bò ó. Mo ti pe dókítà ẹranko, wọ́n ní ká gbé e wá kó tó di aago mẹ́rin. Mo ní ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀. Ẹ bá mi dé ibẹ̀, mà. Kò ní gbé ilé wa." O rí i pé ìpè dókítà ti ṣáájú. Òbí tó gbọ́ pé iṣẹ́ náà ti ní aago àti ibi tí wọ́n ń lọ kì í tètè kọ̀.

Àwọn kan á ní ológbò àjẹ́ ni, pàápàá bó bá dúdú. Má bá wọn jiyàn lórí àjẹ́, o kò ní borí. Sọ pé, "Músù tí gbogbo wa mọ̀ ni, mà, èyí tó ń pa eku fún ìyá oníràìsì." Àdììtú máa ń dín kù lára ohun tí a bá mọ̀ lórúkọ. Bí bàbá onílé bá jẹ́ Mùsùlùmí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun gan-an ló máa gbè ọ́, torí wọ́n mọ hádíìsì, ọ̀rọ̀ Ànábì, nípa obìnrin tó jìyà torí pé ó ti ológbò mọ́lé títí ebi fi pa á.

Bí ilé bá kọ̀ jálẹ̀, ronú ẹni tó ní nọ́ńbà dókítà ẹranko lórí fóònù. Àwọn wo ni? Àwọn tó ń sin adìyẹ! Ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún adìyẹ lẹ́yìn ilé kì í jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn sọnù. Tíṣà Àgíríìkì níléèwé yín náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń sin ajá Àlìsáṣíà ní òpópónà kejì. Àmọ́ o, má tìtorí ológbò tẹ̀lé àjèjì wọlé, ì báà jẹ́ pé orí fóònù lẹ ti pàdé tó ní òun fẹ́ràn ẹranko. Àgbàlagbà tí ìdílé yín mọ̀ ni kí o bá lọ.

Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é léṣe, jẹ́ kí àgbàlagbà ya fọ́tò. Òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Gúúsù, abala 495, ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tó lè tó oṣù 6 tàbí owó ìtanràn ₦50. Bẹ́ẹ̀ ni, àádọ́ta náírà!

6. Ibi tí wọ́n ń gbé e lọ, àti ohun tí wọ́n ń sọ

N'Íbàdàn, ilé ìwòsàn ẹranko wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà ẹranko níṣẹ́, ti ìjọba sì wà ní Mọ́kọ́lá. L'Ábẹ́òkúta, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lọ́nà Alábàtà ní tiwọn. Níbòmíràn, béèrè ẹ̀ka ìtọ́jú ẹranko lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀. Bí yunifásítì bá ń daṣẹ́ sílẹ̀, pè kí o tó gbéra. Ẹni tó ń ta oògùn adìyẹ nínú ọjà kì í ṣe dókítà, bó ti wù kí aṣọ rẹ̀ funfun tó. Veterinary Council of Nigeria ló ń forúkọ dókítà ẹranko sílẹ̀, kò sì sí ìwọ̀sí nínú kí àgbàlagbà béèrè.

Lórí fóònù, sọ ohun tí o rí, kì í ṣe ohun tí o rò: "Ẹ káàsán, sà. Ológbò ìta kan ni, ó ti dàgbà. Ọ̀kadà gbá a ní nǹkan bí aago kan. Ó ń mí ìgbà 36 ní ìṣẹ́jú kan, èrìgì rẹ̀ pọ́n, kò lè fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún tẹlẹ̀. A ò tíì fún un ní nǹkan kan. Ṣé ẹ máa ń tọ́jú ológbò? Èló ni káàdì, èló sì ni àyẹ̀wò?" Ìbéèrè nípa ológbò yẹn ṣe pàtàkì, torí adìyẹ àti ajá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń rí lójoojúmọ́.

Lórí owó, béèrè èwo ni kò lè dúró lónìí, èwo ló lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn ará kọ́mpáàǹdì lè dá igba igba náírà, eku kan náà ló ń dààmú gbogbo yín. Kí àgbàlagbà gba owó náà, kì í ṣe ìwọ.

Nígbà mìíràn dókítà á ní ìrora náà ti pọ̀ jù, kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tó máa fi sùn lọ. Ìwọ kọ́ lo máa pinnu ìyẹn, má sì gbé e sọ́rùn. O lè ní o fẹ́ dúró tì í, o sì lè ní o kò fẹ́.

Ẹ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá dípò ọ̀kadà. Sọ fún ẹni tó ń wà á pé ológbò wà nínú páálí kí ẹ tó wọlé, kó má baà gbọ́ igbe láàárín ọ̀nà kó sì já yín sílẹ̀.

7. Lẹ́yìn tó bá ti rí dókítà

Kò gbọdọ̀ padà síta lọ́jọ́ náà, yàtọ̀ sí pé dókítà ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Wá igun kan tó dákẹ́, tí ajá kò dé: ilé ìdáná àtijọ́, ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Omi, aṣọ, páálí pẹlẹbẹ tí yanrìn wà nínú rẹ̀ fún ìgbẹ́, ó ti tó. Bí wọ́n bá fún un ní oògùn ọjọ́ 7, ọjọ́ 7 ni, má dá a dúró ní ọjọ́ kẹta torí ó ti ń fò.

Oúnjẹ ni ibi tí a tún ti máa ń ṣe é léṣe. Má fún un ní ìrẹsì tí ọbẹ̀ wà lórí rẹ̀. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ lè ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, kódà bí kò bá pọ̀. Ẹja tí o fi omi lásán sè tí o yọ egungun rẹ̀ ló dáa. Bí kò bá jẹun rárá fún wákàtí 24, pe dókítà. Ológbò tí kò jẹun fún ọjọ́ 2 tàbí 3, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dá iṣẹ́ sílẹ̀, pàápàá bó bá sanra. Bí egbò bá ń rùn, tó wú, tàbí tí omi ń jáde, ẹ padà lọ. Kí ẹ sì béèrè abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún un nígbà tí ara rẹ̀ bá ti yá. Ìpínlẹ̀ mélòó kan máa ń fún ẹranko ní ọ̀fẹ́ nígbà Ọjọ́ Dìgbòlugi Àgbáyé, 28 oṣù September.

Ibi tí o ti gbé e náà ni kí o dá a padà sí, kì í ṣe àdúgbò mìíràn tí o rò pé ó dáa jù. Ìrọ̀lẹ́ ni kí o lọ, nígbà tí ọkọ̀ bá ti dín kù. Gbé páálí kalẹ̀, ṣí i, kí o sún sẹ́yìn, má fọwọ́ tì í. Èyí tí mo gbé padà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lọ́dún tó kọjá jókòó sínú páálí fún bí ogún ìṣẹ́jú, ó ń lá ibi tí wọ́n rán lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kó tó jáde, kó wo apá ọ̀tún àti apá òsì, kó sì gba abẹ́ tábìlì ata wọlé.